Ta Ló Ni Òrùlé?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè ra ilé kó má ra ilẹ̀, kó má ra ògiri, kó má sì ra òrùlé. Ohun tó rà ni iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé. Bí ọdún náà bá pé, ilé padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Mo ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó gbà pé òótọ́ ni. Àwa tí a dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí a mọ̀ sí ilé ni èyí tí bàbá kọ́, tí ọmọ bá, tí ọmọ ọmọ ń bá ara wọn jà lé lórí.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ló fà mí wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ni, ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́, owó ilé tó ń san fún láńdílọ́ọ̀dù kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan oṣù tó ń bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fi àwòrán fúláàtì tí wọ́n fẹ́ tà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Pullman Court ni, ní Streatham Hill, ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Brixton. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fèrèsé yìí." Ẹni tó bá ti wá ilé rí ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ fèrèsé, ọwọ́ ejẹ́ńtì ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo ní kó má tíì pe ẹnikẹ́ni, pé a ó jọ lọ.

Ilé náà tó wò lóòótọ́. Ọdún 1936 ni wọ́n parí rẹ̀, fúláàtì 218 ló sì wà nínú ọgbà kan ṣoṣo. Frederick Gibberd ló ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1908 ni wọ́n bí i, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tó tóbi tó báyìí lé e lọ́wọ́. Kò lo bíríkì pupa tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Kọnkéré tó ní irin nínú ló dà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó jẹ́ kí orí ilé tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fa fèrèsé gbọọrọ, ó sì yọ báákónì síta kí àwọn ará ilé lè yá oòrùn, ìyẹn lọ́jọ́ tí oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá rántí wọn. Gíga àwọn ilé inú ọgbà náà kò dọ́gba: èyí tó wà létí títì rẹlẹ̀, òmíràn lẹ́yìn wọn ga tó alájà méje.

Ọ̀dọ́kùnrin yìí ló wá ya àwọn ilé àkọ́kọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa gbà wọlé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ìlú yìí pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù tí kò tó òtútù. Òun ló ya kàtídírà àwọn Àgùdà ní Liverpool, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1967. Òun náà ló ya mọ́sáláṣí ńlá Regent's Park, tí àwọn Mùsùlùmí wa ti ń kírun Jímọ̀ dòní. Àwọn Òyìnbó tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń ṣe hàà. Nínú ilé tiwa, níbi tí bàbá ti jẹ́ àlàájì tí ìyá sì jẹ́ ìyá ìjọ, ta ni yóò ṣe hàà sí i?

Ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń hù nígbà náà kò le láti mọ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní parí, ilé kò tó ènìyàn gbé. Ní 1931 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já pọ́n-ùn kúrò lára góòlù. Nígbà tó di 1932, Bank of England ti já èlé wálẹ̀ sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ogun kejì fi dé ẹnu ọ̀nà ní 1939. Owó ẹ̀yáwó rọ̀, àwọn tó ń kọ́lé tà rí ayé. Láàárín ogun méjèèjì, ilé tí wọ́n kọ́ súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ilé méjì-méjì tó fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn lẹ́yìn ìlú, tó ní òdòdó níwájú àti ọgbà kékeré lẹ́yìn. Ti Pullman Court yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láàárín ìlú ni wọ́n kọ́ ọ fún, ẹni tí kò tíì bímọ, tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èédú àti eérú mọ́. Iná mànàmáná wà, omi gbígbóná wà, ilé ń móoru láìdáná, ilé oúnjẹ àti ilé fàájì wà nínú ọgbà, odò ìlúwẹ̀ẹ́ náà wà. Kíṣíìnì ni kò tóbi. Ẹni tó yà á kò ro ti ìkòkò àmàlà.

Kò sì ro tiwa náà. Àwọn Yorùbá wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, wọ́n ń kọ́ òfin, wọ́n ń kọ́ ìṣègùn. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní 1925, ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò máa sùn sì ni kò jẹ́ kó sinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ dúdú á kan ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé yàrá wà, ìyá onílé á yọjú, á wò ó látòkè délẹ̀, á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán ni. Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ òkun padà sílé, ó ń tọ ọba, ó ń tọ ìjòyè, ó ń tọ oníṣòwò láti ìlú dé ìlú, ó ń dá owó ilé. Ní 1933, ilé náà ṣí ní ojúlé 62, Camden Road, lókè odò Thames. Ọpẹ́olú ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìyá ilé, tó ń se oúnjẹ tí ẹnu àwọn ọmọ náà mọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Pullman Court parí.

Mi ò sọ pé wọ́n lé ẹnì kan kúrò lẹ́nu géètì Pullman Court o. Mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé e, òfin kò ní gbà á sílẹ̀. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ní 1965 kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilé gbígbé. Ti 1968 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni du ènìyàn ní ilé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ilé náà ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà yẹn.

Ejẹ́ńtì tó mú wa wọlé lè jẹ́ ọmọ tí mo bí. Ó ń pe àbúrò mi ní orúkọ, ó ń pe èmi náà ní orúkọ. Mo ti fojú fo ìyẹn nílùú yìí. Ó ní ilé náà ní ìtàn. Ó ní àwọn tó mọyì iṣẹ́ ọnà a máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ó sọ ti bọ́ọ̀sì, ó sọ ti ilé kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nísàlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí kò mẹ́nu ba òrùlé.

Àbúrò mi ti wà nídìí fèrèsé. Irin ni férémù rẹ̀, tínrín, gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà lé ọ̀dà lára rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìdè tó gbé e ró ti di róbótó, tí èékánná kò rí ibi wọ̀ láàárín wọn mọ́. Mo lóṣòó, mo wo igun ìsàlẹ̀. Ọ̀dà funfun ti là níbẹ̀, èyí tó ti pọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó jọ àwọ̀ ewé tún wà lábẹ́ ìyẹn. Mo fi ìka kàn án. Ìpẹtà tẹ̀lé mi lọ́wọ́ bí ẹlùbọ́. Omi ti fa ìlà sórí pèpéle fèrèsé náà láti òpin kan dé èkejì. Mo mọ̀ ọ́n: bí òtútù bá mú, gíláàsì ẹyọ kan á máa làágùn ní òru, òógùn náà á ṣàn sídìí irin, irin á máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i?" Àbúrò mi ló béèrè, ní Yorùbá, kí ejẹ́ńtì má baà gbọ́.

Mo ṣàlàyé fún un. Ìjọba ti kọ ilé náà sínú ìwé àwọn ilé àjogúnbá, ní ipele kejì tó ní ìràwọ̀, èyí tó ga ju ipele kejì lásán lọ. Òfin 1990 sọ pé ẹni tó bá yí ohun tó fi ìwà irú ilé bẹ́ẹ̀ hàn padà láìgba ìyọ̀ǹda káńsù, ọ̀daràn ni. Káńsù Lambeth lè ní kó dá a padà sí bó ṣe wà. Ilé ẹjọ́ lè bù ú ní owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n pàápàá wà nínú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, nítorí fèrèsé?"

"Nítorí fèrèsé."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí Ilojo Bar ló wá sí mi lọ́kàn, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà, tó wà ní Tinúbú, l'Ékòó, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ìyẹn ni pé òfin ń ṣọ́ ọ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n wó o palẹ̀. Láàárín ẹ̀wọ̀n nítorí fèrèsé àti katapílà ọjọ́ Àìkú, ó yẹ kí ọ̀nà kan wà tí ọmọlúàbí lè gbà.

Ìwé ilé Streatham ni a wá jókòó tì. Ọdún tó kù lórí ìwé fúláàtì náà kò pé ọgọ́rin mọ́. Àbúrò mi ní ọgọ́rin ọdún ju ẹ̀mí òun lọ, kí ló kan òun? Ohun tó kàn án ni pé báńkì tí yóò yá a lówó mọ ọdún kà. Bí ọdún orí ìwé bá ti wálẹ̀ dé ọgọ́rin, ẹni tó bá fẹ́ fi kún un lábẹ́ òfin 1993 yóò san owó kan lé owó, èyí tó jẹ́ ìdajì èrè tí àfikún ọdún náà bá mú bá iye ilé. Oníilẹ̀ tí kò gbé ṣọ́bìrì rí ni owó náà ń lọ bá. Bí ọdún ṣe ń dín, iye ilé ń dín, owó àfikún ń ga sí i. Òfin tuntun kan ti jáde ní 2024 tí yóò fagi lé ìdajì èrè yìí, tí yóò sì sọ àfikún ọdún di 990 dípò 90, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ka ìwé tiwa, apá yẹn nínú òfin náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí lọ́yà rẹ̀ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó kọ́kọ́ fi ọdún kún un kó tó tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má tíì fi Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Òfin Ilẹ̀ 1978 ti gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. C of O, ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, tí a ń gbé sínú férémù ní Lẹ́kí, ọdún 99 ló wà lára rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń ka ọdún tiwọn. Àwa kì í ka tiwa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún orí ìwé ló gbà mí lóorun. Owó àbójútó ilé ni, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní sáfíìsì ṣáàjì. Ènìyàn lè ra fúláàtì tó jẹ́ pé inú ògiri nìkan ni tirẹ̀. Òrùlé, ìta ògiri, àtẹ̀gùn, páìpù tó gba inú ilé mìíràn kọjá, koríko inú ọgbà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni yóò sì dá owó rẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí òjò kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé, á san nínú owó òrùlé. Ẹni tó wà lókè téńté á san nínú owó ìpìlẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ ná ẹnikẹ́ni nínú wọn ju £250 lọ, òfin 1985 ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí gbogbo wọn, kí wọ́n fi iye tí àwọn oníṣẹ́ bù lé e hàn wọ́n, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á pè é lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà lè le títí kó gba fúláàtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé kọnkéré tó dàgbà tó báyìí sì ní ìnáwó tirẹ̀. Nígbà tí kọnkéré ṣì jẹ́ tuntun, oró inú sìmẹ́ńtì rẹ̀ ló ń dáàbò bo irin. Afẹ́fẹ́ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, oró náà á máa kú. Ọjọ́ tí kíkú náà bá dé ara irin, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Irin tó dípẹtà a máa wú, ibi tí yóò wú sí kò sí, á ta kọnkéré iwájú rẹ̀ nù. Ẹni tó bá rí ìlà tínrín tó pọ́n lára ògiri funfun, owó ló rí yẹn. Nítorí náà, ìwé tí mo ní kí àbúrò mi béèrè ṣáájú gbogbo ìwé ni ìṣírò owó àbójútó ọdún mẹ́ta tó kọjá, àti ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbèrò láti ṣe. Ejẹ́ńtì ní òun kò tíì rí ẹni tó béèrè rẹ̀ kó tó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà á. Mo ní kó dákun bá wa wá a.

Ohun tí mi ò sọ fún ejẹ́ńtì ni pé èmi àti àbúrò mi ti ní ilé kan tẹ́lẹ̀ tí òun àti ilé tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó onílẹ̀kùn méjì, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì kọ 1936 sí iwájú orí rẹ̀. Ìrù nọ́ńbà 9 ti ré. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ó pọ̀ ní Ìbàdàn: owó obì àti owó kòkó ló kọ́ wọn, ẹni tó kọ́ ọ sì fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá mọ ọdún tí òun là. Lọ́dún tí Gibberd ń parí iṣẹ́ ní Streatham, bàbá bàbá wa ń dúró ti bíríkìlà, ó ń ka páànù. Kò ya àwòrán kankan. Ó fi ẹsẹ̀ wọn yàrá ni.

Nígbà tí bàbá náà kú láìkọ ìwé ogún, ilé di ilé ẹbí. Òfin ìbílẹ̀ lórí rẹ̀ kò fi bò. Kò sí ọmọ kan tó lè sọ pé yàrá báyìí ni tòun kó sì tà á. Bí olórí ẹbí bá dá ilé tà láìbá àwọn aṣojú ẹbí sọ ọ́, wọ́n lè lọ fagi lé e nílé ẹjọ́. Bí àwọn aṣojú bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, a kò tà á rárá nìyẹn. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá náà ní, ìdí igi mẹ́ta la jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdí igi yìí ti dé Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú wa. Ẹjọ́ Dánmọ́lé àti Dáwódù, lórí dúkìá ọkùnrin Èkó kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ, gba ilé ẹjọ́ kọjá títí ó fi dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní 1962. Wọ́n ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún. Bí ìjà bá wá wà, olórí ẹbí ló lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀.

Òrùlé ńkọ́? Adájọ́ kò sọ ti òrùlé. Òfin wa mọ ẹni tó ni ilé, ó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ tà á, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò ra páànù.

Àbúrò bàbá wa obìnrin kan ló ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. A pè wọ́n lórí fóònù láti fi tó wọn létí pé ọmọ wọn fẹ́ ra ilé. Wọ́n súre, wọ́n súre, wọ́n pe orúkọ bàbá wa, wọ́n pe oríkì àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ejẹ́ńtì kò sọ.

"Ṣé ilé náà kì í jò?"

Mo ní, "Màmá, bó bá jò, gbogbo ilé inú ọgbà náà ni yóò dá owó rẹ̀. Ó lé ní igba."

"Ẹbí kan náà ni wọ́n?"

"Rárá o, Màmá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ara wọn."

"Wọ́n sì ń san án?"

"Wọ́n ń san án, Màmá."

Wọ́n ní, "Ó dára náà. Àwọn tí kò mọ ara wọn ń kan òrùlé. Àwa tí a jẹ́ ọmọ bàbá kan ń gbé bàsíà."

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wà láàárín àwọn ará Pullman Court ju tiwa lọ. Ìwé ló mú wọn. Mo mọ àwọn tó ń fi sáfíìsì ṣáàjì ṣépè, tí oníilẹ̀ ń bu owó lé lórí bó ṣe wù ú, tí ẹjọ́ wọn kò tán. Ilé ẹbí náà sì ní ohun tí owó kò lè rà ní Streatham. Kò sí báńkì tó lè lé Màmá jáde. Ọmọ wa tí ayé bá dojú rú fún ní Èkó lè gbé àpótí rẹ̀ wá lóru, yàrá kan á wà. Ìyàwó tí ọkọ kọ̀ wá síbẹ̀ rí, ó tọ́ ọmọ rẹ̀ yanjú níbẹ̀. Ní Pullman Court, ẹni tó bá jẹ mọ́gééjì fún oṣù díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba lẹ́tà tí kò fẹ́ ṣí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún mi pé kí a ta ilé bàbá wa, kí a pín owó rẹ̀, ká lọ ra fúláàtì, n kò bá a lọ. Ohun tó kù nílé wa kò ju ìwé ìṣírò lọ: ta ló san, èló ni, kí ni wọ́n fi ṣe. Àwọn Òyìnbó ní i, wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Àwa fẹ́ràn ara wa títí páànù fi ṣí.

Àbúrò mi ra fúláàtì náà. Ẹni tó tà á fi ọdún kún ìwé kí wọ́n tó jọ fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ìpẹtà fèrèsé sì já owó díẹ̀ wálẹ̀. Ó gba ìyọ̀ǹda láti tún fèrèsé ṣe láìyọ ọ́: oníṣẹ́ irin á họ ọ̀dà rẹ̀ dé egungun, á tọ́jú ìpẹtà, á kùn ún padà. Ìwé owó àbójútó àkọ́kọ́ dé kó tó ra kọ́tìnì. Ó pè mí, ó ń ráhùn. Mo ní kó san án.

A wá kọ̀wé sórí WhatsApp ẹbí. A ní kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan máa dá iye kan lọ́dún fún òrùlé, kí owó náà wà nínú àkáǹtì tí ẹni mẹ́ta láti ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa fọwọ́ sí, kí wọ́n máa ya àwòrán rìsíìtì sórí WhatsApp kí gbogbo wa rí i. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ṣé a fẹ́ sọ ilé bàbá òun di fúláàtì ni. Òmíràn béèrè pé ẹni tí kò gbé inú ilé, kí ló fi ń san owó rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní Streatham kò rí òjò rí, ó ń san án. Bàbá olórí ẹbí fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Ìdí igi méjì ti san ti ọdún yìí, wọ́n sì ti pààrọ̀ páànù apá kan. Ìdí igi kẹta, bí ẹ bá ń ka ìwé yìí, nọ́ńbà àkáǹtì wà lọ́wọ́ Màmá.